Asẹ́ nìkan kọ́ ni kíndìnrín: lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi kọ́ ọmọ

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe gbogbo ètò tí ara fi ń da ìdọ̀tí nù ní "ètò ìyàgbẹ́", kí nephron, ìyẹn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ inú kíndìnrín tó ń ṣe ìtọ̀, máa jẹ́ "asẹ́ ẹ̀jẹ̀", kí apá òde kíndìnrín máa jẹ́ "èèpo", kí apá inú sì máa jẹ́ "mùdùnmúdùn". Ẹni tó kó wọn jọ ṣe bẹbẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi àwọn ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ẹ̀kọ́ yóò ṣi iṣẹ́ kíndìnrín mọ̀, "asẹ́ ẹ̀jẹ̀" yẹn ló sì ń kọ mí lóminú jù.

Kí n tètè mú ìyàgbẹ́ kúrò ná. Oúnjẹ tí kò dà, tó gba ẹnu wọlé, tó sì gba ìfun kọjá láì wọ inú ẹ̀jẹ̀, ló wà nínú ìgbẹ́. Àwọ̀ tí òróòro fún un ni a lè sọ pé ó ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Yúríà, ìdọ̀tí tó ń bá ìtọ̀ jáde, ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é nígbà tí ara bá ń tú èròjà amúaradàgbà palẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e, kíndìnrín ló sì ń yọ ọ́. Ẹ̀dọ̀fóró ń da tirẹ̀ nù nínú èémí, awọ ara ń da tirẹ̀ nù nínú òógùn. Ta ló máa pe èyíinì ní ìyàgbẹ́? "Ètò ìda-ìdọ̀tí-nù" gùn díẹ̀, àmọ́ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ó wá kan asẹ́. Bí ìyá bá ń sẹ́ ògì, ohun tó gba inú asẹ́ kọjá ló ń wá, èérí tó kù lókè ló máa dà fún ẹran. Nínú kíndìnrín, ohun tó kù lókè ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti amúaradàgbà, tí ara ò fẹ́ pàdánù. Èyí tó sì jò kọjá, rere àti búburú ló pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀: omi, iyọ̀, ṣúgà, yúríà. Nǹkan bíi lítà 180 ló ń jò bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ kan nínú ara àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ lítà kan sí méjì péré la ń tọ̀. Ìyókù ńkọ́? Ara gbà á padà ni. Bí kíndìnrín bá ń sẹ́ láì gba nǹkan padà, ènìyàn ò ní rí ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ wo ìtọ̀ ṣúgà, tí èèrà máa ń bò níbi tí aláìsàn bá tọ̀ sí. Kì í ṣe pé asẹ́ já. Ojoojúmọ́ ni ṣúgà ń gba inú asẹ́ kọjá lára gbogbo wa, tí a sì ń gba gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ ju agbára ìgbàpadà lọ ni ó ń yọ sínú ìtọ̀. Báwo ni olùkọ́ ṣe fẹ́ ṣàlàyé èyí fún ọmọ tó ti gbà pé asẹ́ lásán ni nephron?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí "asẹ́" jẹ́ orúkọ ìdìpọ̀ òpójẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tó jókòó sínú ife tí William Bowman ṣàpèjúwe ní 1842. Ibẹ̀ ni sísẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Nephron fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní "fọ́nrán kíndìnrín", torí ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn ni, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló sì wà nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Asẹ́ wà lórí fọ́nrán, ibi ìgbàpadà wà lára rẹ̀. Ibi tó ti lọ sísàlẹ̀ tó sì ṣẹ́rí padà, "ìkọ́ Henle" tó fún un (Henle ni orúkọ ẹni tó ṣàpèjúwe rẹ̀).

Ní ti èèpo, ohun tí a ń bó sọnù ni èèpo lójú wa, iṣu ni tàbí ọsàn. Apá òde kíndìnrín sì ni gbogbo asẹ́ wà. Mùdùnmúdùn náà ò bá a mu: ẹ gé kíndìnrín ewúrẹ́ sí méjì ní òró, ẹ fọwọ́ kàn án, kò rọ̀ bíi tinú egungun rárá. Ẹ ó rí apá òde tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ ó rí apá inú tó nílà wẹ́wẹ́ tó ń tọ́ sí àárín, níbi tí ọ̀rá funfun dì sí. "Ìpele òde" àti "ìpele inú" ti tó. (Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi han ọmọ, ti ẹlẹ́dẹ̀ ló jọ tiwa jù. Òkè orí ṣóńṣó, ìyẹn ibi tí àwọn ìlà inú náà kóra jọ sí, kan ṣoṣo ló wà nínú ti ewúrẹ́, ara ti màlúù sì rí kókókókó, ṣùgbọ́n tiwa dán lóde, ó sì ní òkè púpọ̀ nínú.)

Ẹni tó ní ká dá "iwe" padà gẹ́gẹ́ bí orúkọ kíndìnrín, òótọ́ ni pé Bíbélì àtijọ́ pè é ní iwe nínú Léfítíkù, níbi ẹbọ ẹran. Ṣùgbọ́n lónìí, ti adìẹ ni iwe, oúnjẹ ló sì ń lọ̀. Kíndìnrín ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Èyí tó ṣòro fún mi ni ọ̀nà ìtọ̀, torí orúkọ kan náà là ń pe méjì. Ọ̀kan ti ara kíndìnrín wá sínú àpò ìtọ̀, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, òkúta máa ń há síbẹ̀, ìrora rẹ̀ a sì gba ẹ̀gbẹ́ wá sí abẹ́. Èkejì ti inú àpò jáde síta, òun sì ni pọ́ròsítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, máa ń fún pa tó bá wú. Bí aláìsàn bá sọ pé ọ̀nà ìtọ̀ òun dí, èwo ni nọ́ọ̀sì máa kọ sílẹ̀? Fún ìsinsìnyí, "ọ̀nà ìtọ̀ òkè" àti "ọ̀nà ìtọ̀ ìsàlẹ̀" ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀wọ́ mú un wá.