Ṣé ó yẹ kí n ṣe àyẹ̀wò awọ inú ilé ọmọ kí wọ́n tó tún gbé ọlẹ̀ sí mi nínú?

Àbẹ̀kẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà IVF (níbi tí wọ́n ti ń pa ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ lóde ara) kọjá tàbí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni a ti ń gba ìtọ́jú. Wọ́n gbé ọlẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹyin àti àtọ̀ tó pàdé yẹn di, sí mi nínú lọ́dún tó kọjá, kò sì dúró. Àwọn ọlẹ̀ tó ṣẹ́kù ṣì wà nínú òtútù tí wọ́n tọ́jú wọn sí. Nígbà tí a padà lọ láti múra fún èkejì, dókítà ní kí n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ERA: wọn yóò mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ mi, wọn yóò fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, èsì rẹ̀ ni yóò sì sọ wákàtí tí ó yẹ kí wọ́n gbé ọlẹ̀ wọlé. Owó tí wọ́n dá lé e ga gan-an. Ọkọ mi, tí ó jẹ́ olùkọ́, ti ní òun yóò yá a nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Kí ni àyẹ̀wò yìí ń wò gan-an? Ṣé òótọ́ ni pé bí n kò bá ṣe é, owó tí a bá tún ná yóò tún wọgbó ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn fi ọ̀rọ̀ tù mí nínú. Òtítọ́ ni mo ń fẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́:

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ, nítorí náà n óò là á yé yín bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Awọ tó tẹ́ inú ilé ọmọ kì í gba ọlẹ̀ nígbà gbogbo. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló fi ń ṣetán láti gbà á nínú oṣù, họ́mọ́ọ̀nù progesterone ló sì ń mú un ṣetán. Bí ó bá jẹ́ ọlẹ̀ inú òtútù ni, oògùn estrogen ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí awọ náà lè nípọn. Tí skáànù bá fi hàn pé ó ti tó mìlímítà 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì hàn ní ìlà mẹ́ta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ progesterone, wọ́n á sì gbé ọlẹ̀ ọlọ́jọ́ 5 wọlé lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 120. Èrò àwọn tó ṣe ERA jáde ní ìlú Valencia, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ni pé wákàtí yìí kò bá gbogbo obìnrin mu. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, jíìnì 238 (àwọn ohun inú ara tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) ni wọ́n ń wò nínú awọ náà láti mọ̀ bóyá ó ti ṣetán, tàbí kò tíì ṣetán, tàbí àkókò rẹ̀ ti kọjá.

Ní oṣù àyẹ̀wò, gbogbo oògùn ni ẹ óò lò bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé ọlẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò ní gbé e. Lọ́jọ́ tí ó yẹ kí wọ́n gbé e gan-an, wọn yóò ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò nípọn ju nǹkan bí mìlímítà 3 lọ, gba ọrùn ilé ọmọ wọlé. Wọ́n á fa ọ̀pá inú rẹ̀ sẹ́yìn kí ó lè fa awọ díẹ̀ mọ́ra, wọ́n á máa yí i bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ bọ̀, wọ́n á sì tú ohun tó bá gbé jáde sínú ìgò kékeré tí omi oògùn wà nínú rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú a máa run bí ìgbà tí nǹkan oṣù bá dé, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè yọ. Oṣù yẹn ti lọ nìyẹn.

Wàyí o, ṣé ó ń mú kí ọmọ bí? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí ènìyàn 767. Ọlẹ̀ tí wọ́n ti yẹ kírómósómù rẹ̀ (ohun tó gbé àwọn jíìnì dání) wò ni wọ́n lò fún gbogbo wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì: wọ́n gbé ọlẹ̀ sínú àwọn ọ̀wọ́ kìíní ní wákàtí tí àyẹ̀wò sọ, wọ́n sì gbé e sínú àwọn ọ̀wọ́ kejì ní wákàtí tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn tó tẹ̀lé àyẹ̀wò, ìdá 58.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló bímọ. Nínú àwọn tí kò tẹ̀lé e, ìdá 61.9. Kò sí èrè kankan níbẹ̀. Ní 2023, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìbímọ ti Yúróòpù, ESHRE, náà sọ pé àwọn kò dámọ̀ràn rẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìyá mi, n kò ní gbà kí ẹ yáwó nítorí ERA lẹ́yìn tí ọlẹ̀ kò dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọlẹ̀ náà gan-an ni kírómósómù rẹ̀ kò pé, ọjọ́ orí ìyá sì ń dá kún èyí. Kò sí bí a ṣe lè yí wákàtí padà tí yóò tún un ṣe.

Àkànní, Ọ̀yọ́:

Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì Àgbà, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un. Ọlẹ̀ ti kọ̀ láti dúró nínú ìyàwó mi léraléra kí ó tó ṣe àyẹ̀wò yìí. Èsì sọ pé awọ náà kò tíì ṣetán, wọ́n fi wákàtí kún progesterone rẹ̀, oyún sì dúró. Ọmọ náà ń sáré kiri àgbàlá wa báyìí ní Owódé. N kò lè gbà pé asán ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi. Olúwa á dá ọmọ náà sí. Òótọ́ ni pé àwọn tó wà nínú ìwádìí 2022 yẹn kì í ṣe àwọn tí ọlẹ̀ ti kọ̀ láti dúró nínú wọn léraléra, nítorí náà n kò ní bá yín jiyàn pé dókítà yín kò ní ìdí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lóyún ní ìgbà tó tẹ̀ lé e láìyí ohunkóhun padà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti gbìyànjú léraléra kò sì rí bákan náà pẹ̀lú ti Àbẹ̀kẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:

Àbẹ̀kẹ́, ṣé wọ́n ti fi kámẹ́rà wo inú ilé ọmọ yín rí? Oyún kan bàjẹ́ lára mi nígbà kan, wọ́n sì fọ ilé ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nípa rẹ̀ ní ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe IVF. Àyẹ̀wò olówó gọbọi ni wọ́n ń kọ fún mi. Dókítà mìíràn ló fi kámẹ́rà wò ó tí ó rí i pé ojú ọgbẹ́ ti mú kí awọ náà lẹ̀ mọ́ra wọn níbì kan. Ó tú u, a sì dúró kí ó jinná kí wọ́n tó gbé ọlẹ̀ wọlé.

Àbẹ̀kẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́:

Mo dúpẹ́ gidigidi. Skáànù nìkan ni wọ́n ṣe fún mi, wọn kò fi kámẹ́rà wò ó rí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fọ ilé ọmọ mi rí kí n tó lọ́kọ. Ìgbà wo ni ó yẹ kí n ṣe é? Dókítà tún mẹ́nu ba pé wọ́n lè họ awọ náà díẹ̀ kí ó lè gba ọlẹ̀ dáadáa. Ṣé ìyẹn dára?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n họ ọ́. Ìwádìí ńlá lórí obìnrin 1,364 jáde ní 2019, ìdá 26.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló bímọ nínú àwọn tí wọ́n họ ọ́, iye kan náà ló sì bímọ nínú àwọn tí wọn kò họ ọ́. Ìrora lásán ni.

Ní ti kámẹ́rà, ẹ sọ fún dókítà yín kedere pé wọ́n ti fọ ilé ọmọ yín rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju ERA lọ, kò sì yẹ kí ojú tì yín láti sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ yín jókòó tì yín. Ẹ lè ní kí dókítà dá yín rí. Ìgbà tí wọ́n máa ń ṣe é ni kété tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, tí awọ náà ṣì fẹ́lẹ́, kí ẹyin tó jáde. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen níbí bóyá wọ́n ń ṣe é, kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí i bí ohun kan bá hù sínú ilé ọmọ, tàbí bí awọ bá lẹ̀ mọ́ra. Ẹ ní kí wọ́n mú awọ díẹ̀ pẹ̀lú, kí lábù wò ó bóyá kòkòrò àrùn ti ń bá a jà láìsí ìrora, nítorí oògùn apakòkòrò bíi doxycycline lè wo èyí. Kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí ó máa ń wọ ilé ọmọ láìjẹ́ pé ẹni náà ń wúkọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọlẹ̀ tó kù wọlé ní àkókò tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀, kí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì dúró síbi tó wà.