Bàámi fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Corrour: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ebute-Mẹ́ta
Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin ará ilé. Ebute-Mẹ́ta ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ bàámi. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní Oṣù Kẹfà, èmi pẹ̀lú wọn la jọ ń bọ̀ ní Glasgow. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí ni Corrour, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà láàárín aginjù Scotland, tí títì kò dé. Mo gbọ́ pé kò sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n múra sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Edinburgh
Ọmọ mi, bá mi kí Bàbá. Ó tó wákàtí mẹ́ta láti Glasgow Queen Street. Tẹ́tí sí èyí dáadáa: ọkọ̀ yẹn máa ń pín sí méjì ní Crianlarich. Apá kan ń lọ sí Oban, apá kejì ń lọ sí Fort William àti Mallaig. Tẹ́ ẹ bá jókòó sí kóòṣì Oban, ẹ ò ní rí Corrour. Ẹ bi kọ́ńdọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọkọ̀ àbọ̀. Ọkọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ lójúmọ́ kò pọ̀ rárá. Èmi àti ọkọ mi rìn lọ sí etí adágún Loch Ossian, ó tó máìlì kan, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu wa, àfìgbà tá a wo aago. Eré la sá padà, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti fẹ́ẹ̀ pa dé. Bàbá ò lè sá irú eré bẹ́ẹ̀. Nínú Oṣù Kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, nítorí náà ẹ má fi ìmọ́lẹ̀ díwọ̀n àkókò. Kọ aago ọkọ̀ sínú ìwé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí.

Bọ̀dá Múṣín, Inverness
Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ lọ síwájú sí ọ̀nà Mallaig, ọkọ̀ kì í dúró ní Lochailort àti Beasdale àyàfi tẹ́nìkan bá ní kó dúró. Bíi danfo Oyingbo ni: tó ò bá tètè ké “Ó wà o!”, wọ́n á gbé ẹ kọjá. Àmọ́ níbí, o ò ní pariwo. Gbàrà tó o bá wọlé ni kó o sọ fún kọ́ńdọ́. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lo ti fẹ́ wọkọ̀, jáde sórí pèpéle kí dẹ́rẹ́bà rí ẹ, kó o sì na ọwọ́ sókè. Má sá pamọ́ sábẹ́ ìbòòrùn torí òjò.

Ibi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ kọ́ńdọ́ lẹ ti máa rà á. Queen Street ní ẹ̀rọ, ẹ ra tiyín kẹ́ ẹ tó wọlé. Ra Senior Railcard fún Bàbá. Ẹni ọdún 60 sókè ló wà fún, ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Ebute-Mẹ́ta
Ẹ ṣé gan-an. Mò ń kà á sí wọn létí. Wọ́n ní kí n béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n tẹ́ irin yẹn sórí àbàtà.

Ìyá Ìbejì, Edinburgh
Òótọ́ ni! Àbàtà Rannoch rọ̀ débi pé wọ́n kọ́kọ́ to ẹ̀ka igi lérí ara wọn, wọ́n da erùpẹ̀ àti eérú lé e, kí wọ́n tó gbé irin sí i. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí Corrour, ọdún méje kí rélùwéè Èkó tó dé Ìbàdàn ní 1901. Mítà 408 ló fi ga ju òkun lọ. Kò sí ibùdó tó ga tó o lórí ojú irin ńláńlá Bìrìtìkó.

Ọmọ Surulere, Leeds
Ẹ mú àwọ̀n ojú dání o. Kòkòrò kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní midges ń jẹni níbẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́. Ilé oúnjẹ kan wà nítòsí pèpéle, àmọ́ kì í ṣí lọ́dún yípo, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Ẹ gbé oúnjẹ dání.

Ọmọ Ebute-Mẹ́ta
Bàámi ti lọ wá fìlà rélùwéè wọn àtijọ́ jáde nínú àpótí. Wọ́n ní òun làwọn máa dé.

Ìyá Ìbejì, Edinburgh
Kí wọ́n dé e láti ya fọ́tò. Èyí tó bo etí ni kí wọ́n dé rìn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.