Wọ́n ti dí kòtò wúrà, odò ṣì ń pọ́n: ìrírí láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ọmọ Owá:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi wá pé kí ló dé tí odò Ìtagunmodi àti Igún ṣì rí bíi tíì oníwàrà lẹ́yìn tí wọ́n ti dí kòtò, amọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Wúrà Ìperindó, inú àpáta ló wà. Ti Igún àti Ìtagunmodi, inú òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ àfonífojì ni, lábẹ́ amọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á hú ilẹ̀ kúrò, á wá fi pọ́ǹpù fọ òkúta náà lórí àpótí gbọọrọ tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Yanrìn inú omi yẹn kì í yọni lẹ́nu, á rì ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Hóró amọ̀ tí ò ju 0.002 mìlímítà lọ, nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà ló ń rì lójúmọ́, ìyẹn bí omi bá dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ tún ń pẹ́ sí i. Kòtò ìsinmi omi, níbi tí omi tí wọ́n fi fọ òkúta ti ń dúró kí amọ̀ tó rì, tó bá jìn ní mítà kan, ń fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó kéré tán, kí ẹnikẹ́ni má rú u. Ṣùgbọ́n wọ́n á gbẹ́ ẹyọ kan, wọ́n á kún un láàárọ̀, wọ́n á já a sódò nírọ̀lẹ́. Mẹ́ta tó tò tẹ̀léra ló yẹ, kí wọ́n sì máa fa omi ìkẹyìn padà fi fọ òkúta.

Àgbẹ̀ Kòkó:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dí kòtò wúrà gan-an ló ń ba odò jẹ́ jù. Ilẹ̀ dúdú òkè, bíi 20 sẹ̀ǹtímítà, òun ni kí katakata kọ́kọ́ ha, kó kó o jọ lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ń dí i, òkúta á ṣáájú, amọ̀ á tẹ̀lé e, ilẹ̀ dúdú á gbẹ̀yìn. Ẹni tó ń kánjú a máa yí i dà, amọ̀ funfun á wá wà lókè. Koríko kì í tètè hù lórí ìyẹn, òjò ló ń gbé e lọ sódò, ọdún dé ọdún. Kí katakata má sì tẹ òkè rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, omi ò ní ríbi wọlé, á kàn máa sáré ni. Ẹ jẹ́ kó yọ gegele díẹ̀, torí ilẹ̀ náà á rì wálẹ̀; tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ lónìí, adágún ẹ̀fọn lẹ máa bá níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Eèsún ni kẹ́ ẹ gbìn ní ìlà tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbìn ní Bélú, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 di àtúnṣe ilẹ̀ ru ẹni tó níwèé àṣẹ. Àwọn tí ò níwèé ńkọ́?

Màmá Láàbù:
Ẹ̀yin méjèèjì ò mẹ́nu ba mákúrì, irin olómi tí àwọn awakùsà kan fi ń kó hóró wúrà jọ. Ó fi ìlọ́po 13.6 wúwo ju omi lọ, inú ẹrẹ̀ ló ń sá sí. Kòkòrò tójú ò rí á sọ ọ́ di irú èyí tó ń wọ ara ẹja, ẹja tó ń jẹ ẹja ló sì ń ní in jù. Sísè omi kì í mú mákúrì kúrò. Álọ́ọ̀mù á mú amọ̀ wálẹ̀, àmọ́ ohun tó ti yòrò sínú omi lè ṣẹ́ kù síbẹ̀. Kí àwọn tó ń bu omi Ọ̀ṣun nígbà ọdún, lóṣù Ògún, rántí èyí: omi tó mọ́ gaara ò ní kó má ní májèlé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bu omi fún àyẹ̀wò, ìsàlẹ̀ odò ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gòkè, kí ẹsẹ̀ yín má baà rú èyí tó kàn. Ẹ kọjú síbi tí omi ti ń bọ̀. Ẹ bu ti òkè ibi ìwakùsà àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Láìsí ti òkè, kí lẹ máa fi wé e? Ìgò gíláàsì ni ti mákúrì. Ẹ bu ẹrẹ̀ náà lọ́tọ̀.

Ọmọ Owá:
Ẹ ṣé, Màmá. Ẹrẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń fi katakata hú, wọ́n ní àwọn ń tún odò ṣe. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ ní kí wọ́n mú èsì àyẹ̀wò wá.