Ẹ gbà mí o: kéèkì inú páálí wo ni mo lè gbé lọ sí kíláàsì ọmọ mi lọ́la?

Ìyá Fèyí, Houston:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá wà lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíá. Ọ̀la ni Fèyí máa pé ọdún 7. Láti àná ni mo ti yan kéèkì sílẹ̀, mo tún din chin-chin kún ike ńlá kan. Àfi bí mo ṣe lọ mú un nílé ìwé lọ́sàn-án yìí tí tíṣà ní ohunkóhun tí a bá sè nílé kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì. Ó ní èyí tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù nìkan, tí orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe é wà lára rẹ̀. Ọmọ 22 ni wọ́n, ara ọ̀kan nínú wọn kò sì gba ẹ̀pà rárá. Oṣù karùn-ún wa rèé ní Amẹ́ríkà. Iwájú pẹpẹ kéèkì ni mo dúró sí báyìí, láti òkè délẹ̀, kéèkì ni. Èwo ni kí n mú? Èwo ni n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?

Bàbá Tóbi, Philadelphia:
Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Fèyí. Kí ẹ tó mú ohunkóhun, ẹ sá fún Nutty Buddy ti Little Debbie. Ẹ̀pà lílọ̀ ló wà láàárín wáfà rẹ̀. Èmi ò mọ̀ lọ́dún tí mo dé. Mo rí àwòrán ọmọbìnrin tó dé fìlà lára páálí Little Debbie, mo ní ti ọmọdé nìyí, mo bá gbé páálí mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà tó gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyá ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà wà níbẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn ṣí báàgì rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gún ọmọ náà nítan hàn mí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọwọ́ yẹn kò tíì kúrò lójú mi dòní.
Ti ìlú wa náà ńkọ́: Kandy Kakes ti ilé iṣẹ́ Tastykake, èyí tó ní ẹ̀pà. Ẹ fo ìyẹn náà.

Àǹtí Bísí, Baltimore:
Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n bá yín sọ ọ́. Ẹ yí páálí sẹ́yìn. Lábẹ́ gbogbo lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Contains" sí. Òfin 2004 ló sọ ọ́ di dandan kí wọ́n dárúkọ nǹkan 8: wàrà, ẹyin, ẹja, edé àti akàn, kaṣú àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀pà, wíìtì àti sóyà. Yànmọ̀tí di ìkẹsàn-án láti oṣù kìíní 2023.
Ibi tó ń ṣi èèyàn lọ́nà ni "May contain". Òfin kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti kọ ìyẹn, ilé iṣẹ́ tó bá wù ló ń kọ ọ́. Torí náà, páálí tí kò bá kọ ọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rọ tó ṣe kéèkì yẹn kò ṣe ẹlẹ́pà rí. Ẹ kọ ímeèlì sí tíṣà lálẹ́ yìí, ẹ bi í bóyá wọ́n ní àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ilé ìwé mìíràn máa ń ní i.

Ìyá Ìbejì, Columbus:
Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, Ìyá Fèyí, ẹ má tú u kúrò nínú páálí! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Nígbà tí àwọn ìbejì pé ọdún 6, mo ní n kò lè gbé páálí játijàti dé iwájú àwọn òyìnbó. Mo tú páálí mẹ́rin sínú apẹ̀rẹ̀, mo tò wọ́n bí ẹni to ẹrù ìyàwó, mo fi ọ̀rá dídán bò ó, mo so rìbọ́ọ̀nù pọ́pù sí i. Mo da páálí nù. Tíṣà wo apẹ̀rẹ̀ náà, ó ní ó rẹwà, ó ní lébẹ́ẹ̀lì dà? Bí mo ṣe gbé e lọ ni mo ṣe gbé e bọ̀. Àwọn ọmọ mi ń sunkún nínú ọkọ̀, èmi náà ń sunkún níwájú.

Bàbá Tóbi, Philadelphia:
Ìyẹn ti pọ̀ jù. Ṣebí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Orúkọ kéèkì náà sì wà lára ọ̀rá. Kò lè wò ó lórí fóònù ni?

Làmídì, Atlanta:
Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wá a lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ́jú. Ẹ mú ọ̀rá kékeré yẹn wò, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí i pé kò gbọdọ̀ dá tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara páálí ni ọ̀rọ̀ wà. Àti pé, ẹ má bínú o, Ìyá Ìbejì, ìwé òfin yẹn á ti wá sílé láti ilé ìwé.

Ìyá Ìbejì, Columbus:
Ìwé kankan ò wá. Èmi ni mo máa ń yẹ báàgì wọn wò lálaalẹ́.

Làmídì, Atlanta:
Ímeèlì ńkọ́? Inú ímeèlì ni wọ́n ń fi sí láyé ìsinsìnyí.

Ìyá Ìbejì, Columbus:
Làmídì, lọ́dún yẹn iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ọ̀sán ni mò ń sùn. Ímeèlì 40 lọ́sẹ̀ kan, ta ló ń kà á tán? Kí wọ́n pe èèyàn lórí fóònù kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn ni mo mọ̀.

Àǹtí Bísí, Baltimore:
Ẹ̀yin méjèèjì ò jẹ̀bi, tíṣà náà ò sì jẹ̀bi. Bí mo bá jẹ́ tíṣà, èmi náà á dá a padà. Mo ti rí ọmọ tí ètè rẹ̀ wú kí ìyá rẹ̀ tó rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún páálí.

Bàbá Tóbi, Philadelphia:
Mi ò jiyàn páálí mọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó gba apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀, kó ní kí ẹ lọ ra òmíràn. Omijé ọmọ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Alhaja, Dallas:
Àsálámù àlékùm. Ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà lẹ ń sọ, ọmọ tí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Mo ra èyí tó ní marshmallow fún àwọn ọmọ ilé kéú, páálí mẹ́fà. Àfáà ló ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i: gelatin. Òfin kò ní kí wọ́n sọ ẹran tí wọ́n ti mú un jáde, ó sì lè jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. "Lard" ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, "tallow" ni ọ̀rá màlúù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ó máa wúlò. Ìyá Fèyí, ẹ bi tíṣà bóyá ọmọ Mùsùlùmí wà ní kíláàsì yẹn.

Ìyá Fèyí, Houston:
Ẹ ṣé o, Alhaja, mi ò tilẹ̀ rò ó débẹ̀. Mo ti mú páálí mẹ́ta wò. Lára méjì, "May contain peanuts" wà níbẹ̀ gbàgàdà. Ẹ̀kẹta kò kọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ Àǹtí Bísí sì ti kó mi láyà sókè. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló tiẹ̀ dùn nínú gbogbo wọn, kí n lè mọ èyí tí màá wá?

Kọ́lá Ọmọ Ìbàdàn, Chicago:
Twinkie! Ẹ̀bá Chicago wa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1930. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Dewar rí i pé àwọn àwo tí wọ́n fi ń yan kéèkì strawberry máa ń jókòó lásán nígbà tí èso náà kò bá sí lásìkò, ló bá dá nǹkan mìíràn fún wọn. Kíríìmù ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà ogun àgbáyé kejì tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ́n ni wọ́n yí i sí fàníílà. Ẹni tó bá ní kò dùn, kó fi í sí fírísà fún wákàtí kan kó tó sọ̀rọ̀.

Bàbá Tóbi, Philadelphia:
Kọ́lá, fóòmù bẹ́ẹ̀dì lẹ ń pè ní kéèkì yẹn. Wá jẹ Butterscotch Krimpets. Láti 1914 ni Tastykake ti wà ní Philadelphia, Krimpets wọlé ní 1927. Áísìn rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, torí náà inú fíríìjì ni èmi ń fi í sí kí áísìn náà le, ìgbà yẹn ni màá tó rọra ṣí ọ̀rá láti ìdí. Ẹyọ mẹ́ta ni mo ń jẹ níbi iṣẹ́, pẹ̀lú tíì gbígbóná.

Làmídì, Atlanta:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra yangàn. Láti 2011 ni ilé iṣẹ́ kan ní Georgia wa níbí ti ra Tastykake. Ọmọ wa ni Krimpets yín báyìí, ẹ̀yin lẹ kàn ń bá wa tọ́ ọ.

Bàbá Tóbi, Philadelphia:
Ẹ ra ìwé ni, ẹ ò ra ọwọ́ tó ń yan án. Philadelphia níbí ni wọ́n ṣì ti ń yan án! Ẹni tó ra ilé kò bí ọmọ inú ilé.

Kọ́lá Ọmọ Ìbàdàn, Chicago:
Hahaha! Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Twinkie ti ilẹ̀kùn ní oṣù kọkànlá 2012, mo rí bàbá àgbàlagbà kan tó gbé páálí mẹ́wàá sínú kẹ̀kẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni gbé ọwọ́ lé orí ọmọ. Oṣù keje ọdún tó tẹ̀lé e ló tó padà. Ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún Krimpets rí?

Ìyá Ìbejì, Columbus:
Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ jọ̀ọ́. Oatmeal Creme Pie lọ̀gá gbogbo wọn. Ó rọ̀, kò sì dùn jù. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Little Debbie ní 1960, Debbie náà sì jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà. Honey bun ló tẹ̀ lé e: ẹ yọ ọ́ nínú ọ̀rá, ẹ fi í sí microwave fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Èyí tó burú jù lójú mi ni àwọn tí wọ́n fi áísìn funfun rá bí ògiri. Ẹ bu ẹyọ kan jẹ, ọ̀fun yín á gbẹ dọ̀la.

Alhaja, Dallas:
Ẹ má gbàgbé pé Texas ni Ìyá Fèyí wà. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi ṣokoléètì bò, kó má gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀. Mo ṣí búùtù mi lọ́jọ́ kan, ó ti di ọbẹ̀.

Àǹtí Bísí, Baltimore:
Kí n sọ òtítọ́ fún yín, kò sí ìkankan nínú wọn tó tó gúrúndì. Ẹ rántí gúrúndì? Èyí tí a máa ń rà lójú ọ̀nà ilé ìwé, tí àgbọn inú rẹ̀ máa ń há sí eyín?

Làmídì, Atlanta:
Bàbá dúdú! Ẹyọ kan á wà lẹ́nu láti ìdájí títí dé kíláàsì.

Kọ́lá Ọmọ Ìbàdàn, Chicago:
Dòdò Ìkirè o. Tí bọ́ọ̀sì bá ń bọ̀ láti Ifẹ̀, tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn àwọn tó ń tà á lójú fèrèsé, ẹ mọ̀ pé ilé ti kù díẹ̀. Ìyá mi máa ń ra méjì, ó máa di ọ̀kan mọ́ etí ìró rẹ̀ fún bàbá mi. Tí a bá délé, ọ̀rá náà á ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Bàbá mi ti lọ, ìyá mi ò rin ìrìn àjò mọ́.

Bàbá Tóbi, Philadelphia:
Ọlọ́run á bá wa tọ́jú màmá, Kọ́lá.

Ìyá Ìbejì, Columbus:
Àmín o. Ìyá Fèyí ńkọ́? Ẹ ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù?

Ìyá Fèyí, Houston:
Mo ti délé. Páálí méjì ni mo rà, 12 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì tú u. Mo ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí tíṣà, mo tún bi í nípa ọmọ Mùsùlùmí. Kò tíì dáhùn. Bó bá ní rárá láàárọ̀, mi ò mọ ohun tí màá ṣe. Fèyí ti sùn. Kéèkì tí mo yan àti ike chin-chin wà lórí tábìlì níbí, mò ń wò wọ́n.

Súlè, Houston:
Ẹ dákun, mi ò sọ̀rọ̀ látàárọ̀, mo kàn ń kà á. Chin-chin yẹn, ṣé ẹ fi nọ́tímẹ́ẹ̀gì sí i?

Ìyá Fèyí, Houston:
Mo fi sí i.

Súlè, Houston:
Apá ibo lẹ ń gbé? Ìtòsí òpópónà Bissonnet ni mo wà. Mo ti wọ bàtà.