Oorun ni mo ń wá, kì í ṣe ọ̀run

Aránṣọ, Àkúrẹ́:
Àwọn ará àdúgbò ń sọ ọ́ kiri pé mo fẹ́ pa ara mi. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kẹta, oorun dá lójú mi. Ọmọ á sùn fọnfọn, bàbá rẹ̀ náà á sùn, èmi á máa wo àjà. Oníkẹ́míìsì kan nítòsí Ọjà Ọba ló gé Valium 5mg fún mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Ìdajì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ tó máa rá, mẹ́ta ni mò ń gbé mì lálẹ́ kan. Bí mi ò bá lò ó, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi pé mi ò ní lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Lọ́sẹ̀ Àjíǹde, aṣọ ẹbí pọ̀ lọ́wọ́ mi, ìbàdí ń ro mí. Mo fi tramadol méjì lé mẹ́ta yẹn. Wọ́n ní tí mo bá mí lẹ́ẹ̀kan, ó ń pẹ́ kí n tó tún mí. Ìyá onílé bá da epo pupa sí mi lẹ́nu. (Mi ò bínú sí wọn o, ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn.) Epo yẹn wọ ẹ̀dọ̀fóró, òun gan-an ló dá mi dúró pẹ́ lọ́sibítù. Àbúrò ọkọ mi ló fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀, tó kó páálí oògùn méjèèjì dání fún dókítà. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ ṣì pòṣé sí mi: "Ṣé torí ọkùnrin ni?"

Nọ́ọ̀sì, Òǹdó:
Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú sí pòṣé yẹn. Valium kì í bá ilẹ̀ mọ́ lọ: ó lè gba wákàtí 20 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, tòní á wá bá tàná níbẹ̀. Tramadol náà sì ń tẹ èémí mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti ń lo Valium pẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì o. Mo tọ́jú ẹnì kan tó da tirẹ̀ sí ṣáláńgá, kò pẹ́ tí gìrì fi gbé e ṣánlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń bù ú kù.

Ìyá ọmọ kan, Àkúrẹ́:
Mo ń lo Valium, mo sì ń fọ́mọ lọ́mú. Gbogbo ẹbí ń yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sunkún. Àfìgbà tí kò mu ọmú láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí ọrùn rẹ̀ rọ̀ lápá mi. Dókítà ní oògùn yẹn ń bá omi ọmú dé ara rẹ̀.

Aránṣọ, Àkúrẹ́:
Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ń fọ́mọ lọ́mú nígbà yẹn. Mo sì ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́ lókè pé ọmọ mi ń sùn fọnfọn.