Mídíà kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ìròyìn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín o.

Mo ti ka àbá tí arákùnrin wa mú wá láti fi Yorùbá pe “communication” àti “media” nínú àkọlé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì fi ń wọ ẹ̀ka yìí: “Ìfáàrà sí Ìmọ̀ Ìbánisọ̀rọ̀ àti Ilé-Iṣẹ́ Ìròyìn”. Mo fara mọ́ ìdajì rẹ̀. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ bá a jà lé lórí.

Èmi náà ti ta ko “ìbánisọ̀rọ̀” rí. Mo ní “ọ̀rọ̀” inú rẹ̀ há jù, nítorí àwòrán, ìfarajúwe àti ìdákẹ́ pàápàá ń sọ nǹkan fún ni. Mo ti kó àtakò yẹn nílẹ̀. Orí omi ni ọkọ̀ wà kó tó bọ́ sí títì, kó tó fò lọ sójú òfurufú. Ìlò ló ń fẹ ọ̀rọ̀ lójú. “Ìgbọ́raẹniyé” tí ẹnì kan dá lábàá dùn létí, àmọ́ ó ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tí ẹ ṣì mí gbọ́, ṣé a ò bára wa sọ̀rọ̀ ni?

“Ilé-iṣẹ́ ìròyìn” ni ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Fíìmù kì í ṣe ìròyìn, orin kì í ṣe ìròyìn. Ó tún da ilé tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ ohun tí iṣẹ́ tí a rán ń gbà kọjá. Ẹ fi gbólóhùn tí Marshall McLuhan, onímọ̀ mídíà ará Kánádà, kọ ní 1964 dán an wò, “the medium is the message”, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ò lè sá fún. Ṣé “ilé-iṣẹ́ ìròyìn ni ìròyìn” la ó kọ? Iná mànàmáná wà lára àpẹẹrẹ “medium” tirẹ̀, ta ló sì ń pe gílóòbù ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn?

“Alárinà” ni mo dá lábàá fún “medium”. Ohun tó wà láàárín ni, “iṣẹ́” (message) sì ni ohun tó ń jẹ́. Gbólóhùn náà wá di: alárinà fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń jẹ́. Èyí ò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹni tó ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ, mọ̀ pé iṣẹ́ máa ń yí padà lẹ́nu ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Arábìnrin kan ní ènìyàn nìkan ló ń ṣe alárinà. Ta wá ni asọ̀rọ̀mágbèsì? Ẹ̀rọ ni, a sì sọ ọ́ lórúkọ bí ènìyàn, bíi aláìgbọràn kan tí kì í dúró gba èsì. Orúkọ yẹn pàápàá tó ẹ̀kọ́ kan. Nínú àwòrán gbajúmọ̀ tí Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, yà ní 1948 láti fi bí iṣẹ́ ṣe ń rìn hàn, ariwo (“noise”, ohun tó ń da iṣẹ́ rú lọ́nà) wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ọfà kankan tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ránṣẹ́. Norbert Wiener, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, ló tẹnu mọ́ ohun tó ń padà wá, ìyẹn “feedback”, lọ́dún kan náà. Àwọn kan fẹ́ pe ìyẹn ní “èsì”. “Àbọ̀” ni tèmi: èsì lè parí síbi tí a ti fọ̀, àbọ̀ ni ẹni tó ránni níṣẹ́ fi ń mọ bí yóò ṣe tún un rán.

Fún “code”, àrokò la ti gbàgbé jù. Stuart Hall, onímọ̀ nípa àṣà àti mídíà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1973 pé ẹni tó ṣe ètò orí amóhùnmáwòrán ń pàrokò, òǹwòran sì ń tú u: ó lè tú u bí wọ́n ṣe fẹ́, ó lè bá wọn dúnàádúrà, ó sì lè kọ̀yìn sí wọn pátápátá. Kí la tún fẹ́ hùmọ̀ níbẹ̀? Ẹ ṣáà ṣọ́ àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ o, kí àrokò má di àròkọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ má lọ jókòó kọ ojú ìwé mẹ́ta.

“Ariwo” fún “noise” ò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀, torí ti inú àwòrán Shannon lè má dún létí. Ẹni tó bá ní “ìdílọ́wọ́” tàbí òmíràn, kó gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.