S, M àti + / – lára ọkọ̀ ọ̀tọmátíìkì: ìgbà wo gan-an ló wúlò ní Èkó?

ÀràbàKétu

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà ọkọ̀. Lexus RX 350 tòkúnbọ̀ ti ọdún 2010 wà nílé, Hyundai Elantra 2013 náà wà níbẹ̀. Méjèèjì ló ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ D tí èèyàn lè ti ọ̀pá gíà sí, kó máa fi + àti – darí ẹ̀. Ohun tó rú mi lójú nìyí. Bí mo bá ti Lexus sí S lórí ìdúró, 4 ló ń kọ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ò tíì kúrò lójú kan. Elantra ní tiẹ̀, 1 ló ń kọ, bí mi ò bá sì tì í sí +, orí 1 yẹn náà ló ń wà, ẹ́ńjìnnì á máa han. Èwo ló bàjẹ́ nínú méjèèjì?

Mẹkáníìkì kan ní kí n má fọwọ́ kàn án rárá, pé ó ń pa gíábọ́ọ̀sì. Òmíràn ní tìtorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Kétu, Alápẹ̀rẹ̀, Third Mainland, Marina ni ọ̀nà mi, àlọ àti àbọ̀. Ṣé èèyàn lè yí i lórí eré? Ṣé ó ń jẹ epo? Níbo ló ti wúlò? Ẹ ṣeun.

GíàLádípọ̀

Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tí nọ́ńbà yẹn ń jẹ́ lára ọ̀kan yàtọ̀ sí tèkejì ni.

Lára ọ̀pọ̀ Toyota àti Lexus tó ní S, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe gíà tí ọkọ̀ wà. Ààlà ni. 4 ń sọ pé gíábọ́ọ̀sì lè lo 1 dé 4, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá síbi 5 tàbí 6. Gíà 1 náà lẹ máa fi gbéra, òun fúnra ẹ̀ ni yóò sì gun 2, 3 àti 4 bí eré bá ṣe ń pọ̀. Ẹ fà á sí – lẹ́ẹ̀kan, ààlà di 3. Ẹ tì í sí +, ààlà tún sún sókè. Bọ́tìnnì O/D (overdrive, ìyẹn gíà tó ga jù) tó wà lára Corolla àtijọ́ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́: bí iná O/D OFF bá tàn, ó kàn ti ilẹ̀kùn gíà 4 ni, kì í ṣe pé ọkọ̀ ń ṣàìsàn.

Ti Hyundai, Kia, Mazda àti BMW, gíà gan-an ló ń kọ. Elantra yín ò ní gun 2 àfi tí ẹ bá tì í, tàbí tí ọwọ́ RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) bá fẹ́ wọ ibi pupa, nígbà náà ni kọ̀ǹpútà á gùn ún fúnra ẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ ni kì í dúró dè yín: bí eré bá ń dín kù, á máa sọ̀kalẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì dúró, ó ti padà sí 1. Ẹ tún lè tì í sí + kí ẹ tó gbéra, kó fi 2 rìn. Ó dáa fún ẹrẹ̀ àti yanrìn lọ́nà Àjàh lọ sí Èpẹ́, nítorí agbára tó ń dé táyà á rọ̀, kò ní máa yí lójú kan. Ti Lexus ò rí bẹ́ẹ̀. Kódà bí ààlà bá jẹ́ 2, 1 ló máa fi gbéra.

Yíyí i lórí eré ò ní aburú kankan. Láti D sí S tàbí M (M ni àwọn ọkọ̀ kan ń kọ sí àyè + àti – yẹn), ẹ ò nílò bíréèkì, ẹ ò sì nílò kí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Bí ẹ bá fà á sí – nígbà tí eré ti pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà ò ní gbà fún yín. Lexus á ké píì-píì, nọ́ńbà á wà níbi tó wà. Ohun tó ń pa gíábọ́ọ̀sì ni R (gíà ẹ̀yìn) tí wọ́n ń jù sí nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ síwájú, àti P (gíà ìdúró) kí táyà tó dúró pátápátá, nítorí irin kékeré kan ṣoṣo ni P fi ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró.

Ẹni tó bá yá Mazda tàbí BMW wà kó wo àmì ara ẹ̀ dáadáa. Tiwọn, síwájú ni –, sẹ́yìn ni +. Ti Elantra àti Lexus yín, síwájú ni +.

Ọmọ Ọ̀yìngbò

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti epo àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, torí ẹni tó ní kí ẹ máa lò ó ní Alápẹ̀rẹ̀ ti ṣì yín lọ́nà.

Nígbà tí ọkọ̀ ń rá bí ìgbín ní 10 sí 20 kìlómítà ní wákàtí kan, gíà 1 àti 2 náà ni D ń lò. S ò fi nǹkan kan kún un. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbà tí ọ̀nà bá là lójijì. Elantra tí ẹ gbàgbé sórí 2, bó bá fi máa dé 60, RPM ti kọjá 4,000. Lórí Third Mainland, ní 80 geere, gíà 6 á mú un wà ní nǹkan bí 1,600, gíà 4 á gbé e dé nǹkan bí 2,800. Eré kan náà, ọ̀nà kan náà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ń yí tó ìlọ́po kan àbọ̀ ó lé. Ẹ fojú inú wo ìyẹn lórí afárá tó gùn tó 11.8 kìlómítà. Epo ń lọ.

Ooru tún wà níbẹ̀. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, ọ́ìlì ló ń gbé agbára láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Ní gíà ńlá lórí eré tó dúró sójú kan, ohun kan máa ń dì wọ́n mọ́ra, kí ọ́ìlì má baà máa fi ara gbo ara. Ní gíà kékeré, kì í sábà dì, ọ́ìlì á máa gbóná sí i. Ọ́ìlì gíà tó ń gbóná jù lójoojúmọ́ á dúdú, á máa rùn bí ohun tó jóná, yóò sì pẹ́ kí gíà tó mú. Nínú súnkẹrẹ, ẹ jẹ́ kó wà ní D. Bí ìdúró bá máa pẹ́ dáadáa, ẹ fi sí N (ibi tí gíà kankan ò ti mú), kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́.

Ibi tó ti wúlò ni ìsọ̀kalẹ̀. Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ka iye afárá tí ẹ ń gùn tí ẹ sì ń sọ̀ lójúmọ́, kí ẹ tún wá fi gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ Ọ̀tẹ́dọlá lọ́wọ́ Berger kún un. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù kí ẹ tó dé ẹnu ìsọ̀kalẹ̀, ẹ fà á sí – lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró kí ọwọ́ RPM fìdí múlẹ̀, kí ẹ tó tún fà á bó bá ṣì yẹ. Ẹ́ńjìnnì á di ọkọ̀ mú, bíréèkì á sinmi. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí: bí ẹ́ńjìnnì bá ń di ọkọ̀ mú, iná ẹ̀yìn kì í tàn. Dánfó tó sún mọ́ yín nídìí ò mọ̀ pé eré yín ti dín kù. Ẹ fẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀ kí iná lè tàn.

Bí ẹ bá fẹ́ ya ọkọ̀ sílẹ̀, títẹ tọ́tù wọlẹ̀ ní D náà á mú gíà sọ̀kalẹ̀, àmọ́ ó máa ń ronú díẹ̀ kó tó ṣe é. Ẹ fi sí S tàbí M kí ẹ tó bọ́ síta, agbára ti wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá tán, ẹ dá a padà sí D.

Omi òjò Lẹ́kí àti Victoria Island: gíà 1, tọ́tù rọra wà lójú kan, ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò lágbedeméjì. Bí omi bá ti kọjá àárín táyà, ẹ má wọ̀ ọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ má ṣe tún un sítáàtì. Omi tó bá wọ ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ ò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ló máa tẹ̀. Bí ẹ bá jáde, ẹ tẹ bíréèkì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe ń lọ, kó lè gbẹ.

TẹTọ́tùDíẹ̀

N ni kí èèyàn fi sí bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, epo á dín kù.

Ọmọ Ọ̀yìngbò

Rárá o, àbúrò. Ọkọ̀ tó ń lo injector (ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì), bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù nínú gíà, kọ̀ǹpútà ń dá epo dúró, torí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì lásìkò náà. Bí ẹ bá bọ́ ọ sí N, epo gbọ́dọ̀ máa lọ kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Ẹ ń sun epo, ẹ sì tún ti tú ọkọ̀ sílẹ̀ pé kó máa yí lọ.

Ìyá Ọlọ́jà Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla S ti 2015 ń kọ́? Ó ní M, ó tún ní + àti – lẹ́yìn sítíárìn.

GíàLádípọ̀

Ẹ kú ọjà o, màámi. CVT nìyẹn, kò ní gíà bíi tàwọn yòókù. Bẹ́líìtì irin àti púlì méjì tó ń fẹ̀ tó ń sún ló wà nínú ẹ̀. Gíà 7 tí ẹ ń rí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà ló kàn ń dá púlì dúró sí ibi méje. Ẹ lè lò ó fún ìsọ̀kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé lókè, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí CVT kì í fẹ́ ni kí èèyàn tẹ tọ́tù wọlẹ̀ láti ojú ìdúró lóòrèkóòrè, àti ọ́ìlì tí kì í ṣe tiẹ̀. CVTF FE ni ti Corolla yín. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ da ATF pupa (ọ́ìlì gíà ọ̀tọmátíìkì lásán) sí i, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.

ÀràbàKétu

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ku ọ̀kan: Lexus máa ń ta gbì bí mo bá fà á láti 4 sí 3. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn?

GíàLádípọ̀

Fífà díẹ̀ kì í ṣe àìsàn, RPM ló ń sáré gòkè láti bá gíà tuntun mu. Bó bá ta gbì gan-an, tó sì tún ń ta bí ẹ bá fi sí R lórí ìdúró, síìtì gíà (rọ́bà tó di ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì mú) àti ọ́ìlì la ó wò.

Síìtì kò ná yín ní nǹkan kan láti wò. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gírígírí, kó máa yí i láti D sí R, láti R sí D. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fò sókè tàbí tó ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, síìtì ti já.

Ti ọ́ìlì, Lexus yín ò ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ibi tí wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe nìyẹn. Toyota WS nìkan ló ń lò. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ohun tó gbé e, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, wọ́n á yí ọ̀pá gíà kọjá gbogbo ibi tó wà, wọ́n á wá fi skánà wo ooru ọ́ìlì. Ìgbà tó bá wà láàárín 35 sí 45 lórí ìwọ̀n Celsius ni wọ́n máa tú nọ́ọ̀tì ìwọ̀n nísàlẹ̀. Bó bá rọra ń kán tín-ín-rín, ó pé. Bí kò bá sí nǹkan tó jáde, kò tó. Nínú ooru Èkó, ọkọ̀ tó ti Kétu wá ti kọjá 45 tipẹ́. Ọ́ìlì tó gbóná máa ń wú, á tú jáde bíi pé ó pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ kò tó. Nítorí náà, kí ọkọ̀ sun ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mọ́jú, àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá tú ọ́ìlì sílẹ̀, nǹkan bí 3 sí 4 lítà ló máa jáde, ìyókù á wà nínú. Iye tó jáde ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá padà kí wọ́n tó máa wọ̀n ọ́n.

Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn pẹ̀lú gbì yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka kódù kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P07, gíábọ́ọ̀sì ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi S sílẹ̀ títí wọ́n á fi rí ìdí ẹ̀, kí ẹ sì kọ kódù náà síbí.